Ọjọ́ Tí Kọ̀ǹpútà Pe Kàsímù Lólè

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Kàsímù, ẹjọ́ ló wá rò. Ó dúró níwájú tábìlì mi ní ilé ẹ̀kọ́ bàbá mi ní Ajah, ó mú káàdì èsì ìdánwò Màríàm àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro máàkì yìí pọ̀."

Mo rò ó pọ̀, kò bá ohun tó wà nísàlẹ̀ mu. Mo tún un rò, kò bá a mu. Tíṣà tó ṣírò rẹ̀ ti fo odindi iṣẹ́ méjì. Ọmọ tó yẹ kó ṣe ipò kẹrin la gbé sí ipò kọkàndínlógún, ọmọ náà sì ti fi ẹkún kọ oúnjẹ sílẹ̀ nílé.

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Ohun tó ń rí mi lára nílé ẹ̀kọ́ yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n èyí ló burú jù: kí àgbàlagbà méjìdínlógún jókòó ti bíírò ní ìparí gbogbo táàmù, kí wọ́n máa fi ìkánjú ba ọmọ ọlọ́mọ lọ́kàn jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ní òun ò bínú, pé ètò kọ̀ǹpútà ni òun ń kọ jẹun ní ọ́fíìsì kan ní Oniru, bí a bá fẹ́, òun lè kọ ọ̀kan fún wa tí yóò máa ro máàkì fúnra rẹ̀, tí yóò sì máa tẹ káàdì jáde. Mo bi í pé kí ló máa gbà. Ó ní kí n kọ́kọ́ tún káàdì Màríàm kọ ná.

Kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Mọ̀nsúrát lorúkọ mi. Alhaji Mákánjúọlá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ni bàbá mi, èmi sì ni igbákejì wọn níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló sì ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa mú ọkọ wálé, bí ẹni pé ọkọ wà lórí àtẹ, tí mo kàn ń ṣe ahun.

Ọjọ́ Sátidé ni Kàsímù máa ń wá. Á jókòó ti àwọn tíṣà, á bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ wọn, á sì máa gbọ́. Ọkùnrin tó máa ń béèrè nǹkan, tó sì máa ń dúró gbọ́ èsì rẹ̀, ṣọ̀wọ́n. Tí a bá parí, á dágbére pé òun ń lọ sílé àwọn òbí òun ní Ṣàngótẹ̀dó, á dé ẹnu ọ̀nà, á tún rántí nǹkan tó fẹ́ bi mí. Nígbà tó yá, a kì í sọ̀rọ̀ máàkì mọ́. A máa ń pàdé ní Oniru lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀, a ó máa rìn létí òkun, á máa jẹ ẹ̀pà, á máa pè mí ní Mọ́ńsù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, mo ní láti wá ibi jókòó sí.

Lọ́jọ́ tó gbé ètò náà wá kí n dán an wò, ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò sí láyé sínú rẹ̀. Mo rí mẹ́ta níbẹ̀ tí wọ́n ń jẹ́ Yẹ̀kínì, orúkọ ìdílé rẹ̀. Níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ìyá sí, Mọ̀nsúrát ló wà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ọmọ ta ni àwọn wọ̀nyí?" mo bi í.

"Ọmọ wa ni. Mo ń dán an wò, bóyá wàá gbà."

"Kí ló dé tí àbíkẹ́yìn fi gba òdo nínú Ìṣirò?"

"Ìyá rẹ̀ ló jọ, olólùfẹ́ mi."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo sì gbà.

Bàbá mi ò tètè gbà. Tírélà ni bàbá Kàsímù ń wà, kọ̀ntẹ́nà ni wọ́n ń gbé jáde ní èbúté Lekki, Dádì sì máa ń pe ọ̀rọ̀ náà, "dírẹ́bà", bí ẹni tó ń tu egungun ẹja dànù lẹ́nu. Màmá mi ló ń bá wa bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ọmọ náà ń kírun, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì mọ àgbà. Ohun tó wá yí Dádì lọ́kàn padà ni pé táàmù kejì parí, kò sí òbí kan ṣoṣo tó wá rojọ́ máàkì. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi Kàsímù yangàn nínú ẹ́sítéètì wa àti ní mọ́ṣáláṣí, pé ọkọ ọmọ àwọn ló kọ ètò náà. A dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí Sátidé tó tẹ̀lé ọjọ́ tí a máa pín èsì táàmù kẹta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Àwọn tíṣà ń ráhùn pé ètò náà tóbi jù, pé ó ń jẹ dátà wọn bí wọ́n bá fẹ́ gbà á lórí WhatsApp sínú kọ̀ǹpútà ilé wọn. Mo ní kí Kàsímù sọ ọ́ di kékeré.

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó ní òun lè fún un pọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ká aṣọ mọ́ra, tó kì í sínú àpò, tó sì so ẹnu rẹ̀ pinpin. Bí wọ́n bá ti ṣí i, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n antivirus, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ kòkòrò àti olè, kì í fẹ́ràn àpò tí kò bá rí inú rẹ̀.

"Àwọn olè náà máa ń di ẹrù wọn bẹ́ẹ̀," ó ní. "Tèmi ò sì ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lára. Ó lè fura sí mi, Mọ́ńsù."

"Fún un pọ̀ jàre. Ṣé nítorí ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ̀ ẹ́ rí làwọn tíṣà mi ò ní ṣiṣẹ́?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣe ohun tí mo fẹ́. A pín in lórí WhatsApp, àwọn tíṣà súre fún mi. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn kọ̀ǹpútà wa ti gbó, kò sí ẹ̀ṣọ́ gidi kan lórí wọn.

Nígbà tí ọjọ́ èsì fi máa pé, Dádì ti ra kọ̀ǹpútà tuntun, pẹ̀lú antivirus tí ẹni tó tà á fún wọn ní kò sí èyí tó le tó o. Wọ́n pe àwọn òbí jọ sínú gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí a gbé ojú kọ̀ǹpútà náà sára ògiri, kí gbogbo ayé lè rí bí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ṣe lajú tó. Kàsímù wà níbẹ̀ nítorí Màríàm, àti nítorí pé Dádì fúnra wọn ní kó wá dúró ti àwọn. Wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ ètò náà.

Àpótí pupa kan yọ lára ògiri, ó tóbi ju fèrèsé lọ. Ó ní òun ti mú ewu kan, òun sì ti sọ ọ́ sí àhámọ́. Orúkọ tó fún ewu náà ni Trojan. Ètò Kàsímù ò sí lórí kọ̀ǹpútà mọ́, kò sì sí èsì ọmọ kan tí a lè tẹ̀ jáde.

Dádì pe Taofeek, tíṣà kọ̀ǹpútà wa, pé kó ṣàlàyé ohun tí gbogbo wa ń wò. Taofeek dìde, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó ní Trojan ni ohun tí àwọn gbájúẹ̀ fi ń yọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà onílé láti kó àṣírí rẹ̀ lọ. Kò purọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó fi sábẹ́ ahọ́n ni pé antivirus máa ń ṣi ènìyàn mú, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i rí lójú mi.

Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá ọmọ kan ní nọ́ńbà fóònù àwọn àti ọjọ́ ìbí ọmọ àwọn ló wà níbẹ̀ o. Bàbá kan ní irun orí ọmọkùnrin náà ò tẹ́ òun lọ́rùn láti ìgbà tí òun ti rí i. Irun Kàsímù kò yàtọ̀ sí irun ọmọ bàbá náà gan-an. Ṣíọ̀.

Kàsímù rọra dìde. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kì í ṣe kòkòrò. Antivirus ló ṣi í mú, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ètò tí àwa kéékèèké bá kọ. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀."

"Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú," bàbá mi dá a lóhùn. "Kò bá ọ jà, kò mọ bàbá rẹ. Kí ló fẹ́ fi purọ́ mọ́ ọ?"

Taofeek tún gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí Kàsímù sọ ìdí tó fi fún ètò náà pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi lè rí inú rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní nǹkan tó ń fi pamọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kàsímù yíjú sí mi. Kò pẹ́, bóyá kò ju ìgbà tí ènìyàn máa fi mí lẹ́ẹ̀mejì lọ. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ, pé èmi ni mo ní kó ṣe é, àti pé ó kìlọ̀ fún mi. Bàbá mi ń wò mí, àwọn òbí ń wò mí. Mo di ìdì káàdì tí a kò tíì tẹ nǹkan sí mú mọ́ àyà, mo ń wo bàtà mi.

"Èmi ni mo fún un pọ̀," Kàsímù ní. "Ẹ̀bi mi ni."

Bàbá mi pè é ní ọmọ yàhúù lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n ní kí ni àwọn tilẹ̀ ń wá nílé dírẹ́bà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kó gba ẹnu ọ̀nà jáde kí àwọn tó pe ọlọ́pàá. Ó fa Màríàm lọ́wọ́, wọ́n jáde, ọmọ náà ò sì gba èsì kankan lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a délé, màmá mi forí kanlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó yọ mí. Àǹtí Bàṣírát, àbúrò bàbá mi, pè mí lórí fóònù láti béèrè bóyá Kàsímù ti fọwọ́ kan fóònù mi rí. Àǹtí yìí kan náà ló ti ní kí Kàsímù wá wo kọ̀ǹpútà àwọn lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù tó kọjá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tiwa ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ènìyàn kankan, àpótí pupa ni wọ́n gbọ́.

Ẹnìkan gbé fọ́tò Kàsímù sínú gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra. Kàsímù wà nínú gúrúùpù náà nítorí Màríàm. Kò sẹ́ni tó rántí yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì ń bú u níṣojú rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rín. Ìyá rẹ̀ ló ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, ní ilé wọn ní Ṣàngótẹ̀dó. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ìyá ọmọ ti ń wá kó aṣọ wọn láìrán, bí ẹni pé kòkòrò kọ̀ǹpútà máa ń gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá. Gbogbo wọn rí mi lára.

Èmi ńkọ́? Èmi tí mo ń kórìíra wọn, mo jẹun, mo sùn, mo lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi ò bá mi dákẹ́ rárá. Ti Kàsímù ni mo dákẹ́ pa.

Mo máa ń pè é nínú balùwẹ̀, kí ará ilé má gbọ́. Ó máa ń gbé e. Ó ní òun ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe antivirus náà, òun sì ti fi ètò náà ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tú u wò. Kò dárúkọ ọjọ́ yẹn, èmi náà ò dárúkọ rẹ̀. Bí mo bá ní mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní òun mọ̀. Sátidé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ dé, ó kọjá, màmá mi sì dá ìkòkò tí wọ́n ti yá padà fún ẹni tó ni ín.

Ní ọjọ́ kọkànlá ni èsì dé. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kò sí kòkòrò níbẹ̀, àwọn ni àwọn ṣe àṣìṣe, àwọn sì ti tún un ṣe. Kàsímù fi lẹ́tà náà ṣọwọ́ sí mi láìkọ ohunkóhun mọ́ ọn. Mo sáré gbé e lọ bá Dádì. Wọn ò kà á. Wọ́n ní kí n tan kọ̀ǹpútà, kí n fi ètò náà sí i padà, kí n tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí, kò sí pupa kankan, káàdì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Mo kúkú ti mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni," wọ́n ní. "Pè é. Sọ fún un kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa bọ̀ ní Sátidé."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa sọ fún àwọn òbí. Wọ́n ní a ò lè torí ọ̀rọ̀ kékeré yọ ènìyàn lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ bú ọmọ ènìyàn, wọ́n bú u. Ẹ̀rọ gbé ẹnu kúrò, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń lọ sí Ṣàngótẹ̀dó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo rántí bí inú èmi náà ṣe dùn nígbà tí lẹ́tà yẹn dé. Ó dùn jù. Ohun tó mú un dùn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí láìjẹ́ pé mo la ẹnu mi. Ara mi gan-an ló wá ń rí mi lára.

Ìyá rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n kí mi tayọ̀tayọ̀, wọ́n gbé omi fún mi. Kàsímù mú mi jókòó síta, lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti rù. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí Dádì rán mi.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji," ó ní. "Mi ò bá wọn bínú. Wọn ò mọ ohun tí antivirus ń ṣe, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n gbà gbọ́."

"Ṣé ẹ máa wá?"

"Mọ́ńsù, ìwọ mọ̀."

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ nínú iyanrìn. Mo ní ẹ̀rù ló bà mí, mi ò fẹ́ kí Dádì wò mí bí wọ́n ṣe ń wò ó.

"Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ẹ̀bi mi ni. Mo rò pé tó o bá jáde síta, wàá sọ ọ́. Mo dúró ní géètì pẹ̀lú Màríàm. A dúró pẹ́."

Mi ò mọ̀. Mi ò tilẹ̀ jáde dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Màá sọ ọ́ lónìí," mo ní. "Ayọ̀ mi, jọ̀ọ́."

"Sọ ọ́. Àmọ́ má sọ ọ́ nítorí Sátidé." Ó fà mí dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára aṣọ mi. "Àwọn tó ni antivirus yẹn ò mọ̀ mí rí, síbẹ̀ wọ́n tú ẹrù mi wò kí wọ́n tó dá mi láre. Bí mo bá tún ètò náà kọ lọ́la, ó tún lè pupa. Ìyẹn ti mọ́ mi lára, màá tún kọ̀wé. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n fẹ́ ẹni tí mo máa yíjú sí lọ́jọ́ náà, kó máa wo bàtà rẹ̀."

"O ò fẹ́ràn mi mọ́?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Ó fún mi ní fláàṣì kékeré kan. Ètò náà ló wà nínú rẹ̀, èyí tó tóbi, tí kò fún pọ̀. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ lè máa lò ó lọ, kí ọmọ kankan má baà tún sunkún nítorí máàkì tí wọn ò rò dáadáa. Nígbà tí mo ń lọ, ìyá rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní kí n bá àwọn kí Àlájà nílé, kí wọ́n má torí ọ̀rọ̀ antivirus bínú. Kàsímù ò tíì sọ fún wọn pé èmi ni.

Mo délé, mo bá Dádì ní pálọ̀. Wọ́n ní èèyàn mélòó ni àwọn Kàsímù ń mú bọ̀. Mo ní wọn ò ní wá. Mo ní, "Èmi ni mo ní kó fún un pọ̀, Dádì. Ó kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ bú u, mo ń wò yín."

Wọn ò bú mi. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà, bóyá ẹnìkan gbọ́. Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ó jáde sétí ẹnikẹ́ni, pé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni, àti pé ọkọ pọ̀ nílẹ̀. Mo wò wọ́n. Bàbá mi ni wọ́n, mo fẹ́ràn wọn, ọ̀rọ̀ náà sì korò lẹ́nu mi bí oògùn tí a fẹnu rún.

Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí gúrúùpù àwọn òbí. Mo fi ohùn ara mi sọ ọ́. Mo dárúkọ mi, mo sọ ohun tí mo ní kó ṣe, mo sọ pé ó kìlọ̀ fún mi, mo sọ pé mo dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń pè é ní gbájúẹ̀. Mo ka lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà. Mo ní ẹni tó bá ti kó aṣọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n.

Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi ń dé. Àwọn kan ń tọrọ àforíjì, àwọn kan ń bú mi, ìyá tó kọ́kọ́ pariwo nọ́ńbà fóònù ní òun ò fìgbà kan gbà á gbọ́ rárá. Mo ń wo orúkọ àwọn tó ti gbọ́ ohùn mi. Orúkọ Kàsímù yọ láàárín wọn. Mo dúró, bóyá á kọ nǹkan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó jáde kúrò nínú gúrúùpù náà.

Dádì ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, wọ́n ń fọwọ́ gbá a, wọ́n ń pe orúkọ mi tòun ti orúkọ bàbá. Mo nu ojú mi. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, kí wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe fẹ́ wò mí.